Oníbàárà Tí Kì í Kó Owó Ẹ̀ Tán

Láàárọ̀ Àlàrùba, ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025, kí n tó fọ ẹnu rárá ni mo rí i pé Mọ́ọ̀mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Àyà mi já, mo rò pé nǹkan ti ṣe ẹnì kan nílé wa ní Pakata n'Ílọrin, mo sáré pè wọ́n padà, wọn ò tiẹ̀ dúró gba ẹ káàárọ̀ tí mo kí wọn. Wọ́n ní, "Àkànní, o gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Wọ́n gbé e sórí WhatsApp àsàlátù wa pé ilẹ̀ mì ní Rọ́ṣíà lóru, òkun ti dìde, ó ń lọ bá àwọn ará Japan àti Amẹ́ríkà. Ṣé kò ní yà sí Lẹ́kí báyìí? Ẹ̀gbọ́n ẹ ń bẹ níbẹ̀ o."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Mo ní Mọ́ọ̀mi, òkun tó dìde yẹn kọ́ ni òkun tiwa, Pàsífíìkì nìyẹn, Àtìláńtíìkì ló wà ní Lẹ́kí, gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló là wọ́n láàárín. Ibi tó ti mì, Kamchatka lorúkọ ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 8.8, ó sì wà lára àwọn tó tóbi jù látìgbà tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn irú ẹ̀. Ọkàn wọn balẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́ o, àmọ́ ẹnu mi ò gbé jẹ́ẹ́, mo tún fi kún un pé kì í ṣe àkọ́kọ́ níbẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1952, ilẹ̀ mì níbẹ̀ kan náà, ìwọ̀n tìyẹn tiẹ̀ jẹ́ 9.0, omi sì gbé ìlú kan tó ń jẹ́ Severo-Kurilsk lọ pẹ̀lú èèyàn tó ju 2,000.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "1952? Ọdún tí wọ́n kọ fún mi nínú ìwé Mẹ́kà nìyẹn."

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjọ́ orí àwọn ìyá wa nílé yìí ṣe rí, ẹni tó bá wọn kọ fọ́ọ̀mù ló máa ń yàn án fún wọn, òun náà ni wọ́n á sì dì mú títí ayé. Nítorí náà 1952 ni wọ́n bí Mọ́ọ̀mi, ó ti parí. Wọ́n ní, "Ṣé pé látìgbà tí mo ti dáyé ló ti ń kó ara ẹ̀ jọ? Ó yẹ kí wọ́n ti mọ ọjọ́ tó tún máa wá nìyẹn. Kí wọ́n ṣáà ti ro 73 míì mọ́ ọn."

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń gbé ẹ̀rọ lọ wo abẹ́ ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ gbẹ́ bọ́hóòlù, Tanke, Ganmo, Òkè-Oyì, nígbà míì mo máa ń dé Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán. Jìọ́lọ́jì ni mo kà. Èèyàn á rò pé irú ìbéèrè báyìí ò yẹ kó nira fún mi, àmọ́ ilẹ̀ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kì í ṣe irú ilẹ̀ yẹn. Òkúta tó wà lábẹ́ wa níbí ti gbó, ó ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ, àárín gbùngbùn èèpo ilẹ̀ tó gbé wa ni a sì wà, a jìnnà sí etí ẹ̀. Ilẹ̀ máa ń gbọ̀n díẹ̀ ní Nàìjíríà náà, ó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó ṣẹlẹ̀ ní Mpape l'Ábújá ní 2018, gíláàsì wíńdò kan gbọ̀n, àwọn èèyàn sá jáde, ó tán. Èyí tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ pátápátá, nítorí náà mo lọ ka àwọn nǹkan tí mi ò kà dáadáa nígbà tí mo wà ní skúùlù, kí n tó lọ kí wọn ní Sọ́ńdè.

Mo dé Pakata, wọ́n gbé kókó àti àkàrà fún mi, wọ́n jókòó tì mí. Àpáàdì ìkòkò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn adìyẹ ti ń mu omi, òun ni mo mú. Mo ní ẹ fojú inú wo ìkòkò amọ̀ ńlá tó ti là, tí gbogbo àpáàdì ẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Bí èèpo ilé ayé ṣe rí nìyẹn. Plate ni oyìnbó ń pè é, àpáàdì ni èmi àti Mọ́ọ̀mi ń pè é. Wọn ò dúró sójú kan, wọ́n ń rìn, àmọ́ ìrìn wọn dà bíi bí èékánná ṣe ń hù, o ò lè jókòó tì í kó o rí i. Níbòmíì wọ́n ń ya ara wọn, níbòmíì wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ gbo ara wọn, ibi tó le jù ni ibi tí àpáàdì ìsàlẹ̀ òkun ti ń rì wọ abẹ́ èyí tó ru ilẹ̀. Ní Kamchatka, nǹkan bíi 8 sẹ̀ǹtímítà ló ń wọlé lọ́dọọdún.

Tó bá jẹ́ pé ó ń yọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ orúkọ Kamchatka. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé máa ń há. Ó há, àmọ́ èyí tó ń bọ̀ ò dẹ́kun àtibọ̀. Èyí tó wà lókè á wá máa tẹ̀, bíi igi tútù tí ọdẹ tẹ̀ wálẹ̀ láti fi dẹ okùn, wọ́n á fà etí ẹ̀ sísàlẹ̀ lábẹ́ òkun, ẹ̀yìn ẹ̀ á sì máa wú díẹ̀díẹ̀ létí ilẹ̀, 100 ọdún, 300 ọdún. Ọjọ́ tí ibi tó há yẹn bá já, igi á nà padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilẹ̀ á mì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìsàlẹ̀ òkun á ta sókè, á gbé omi tó wà lórí ẹ̀ dání. Sùnámì nìyẹn.

Ẹni tó kọ́kọ́ là á sílẹ̀ báyìí pé ilẹ̀ máa ń tẹ̀ kó tó já, Harry Fielding Reid ni, lẹ́yìn èyí tó bá San Francisco jà ní 1906. Àtìgbà yẹn ni ọgbọ́n yìí ti ń tan èèyàn jẹ. Torí tó bá jẹ́ pé ìrìn ẹ̀ ò yí padà, 8 sẹ̀ǹtímítà lọ́dọọdún, tó sì jẹ́ pé ibi tó máa ń tẹ̀ dé kó tó já náà ò yí padà, ṣebí kálẹ́ńdà la kàn máa mú? Á dà bí ọjà ọrọọrún, èèyàn á kàn mọ̀ pé òní kọ́, ọ̀la kọ́, ọ̀tunla ni.

Àwọn kan gbìyànjú ẹ̀ ní Kalifóníà, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Parkfield. (Parkfield kì í ṣe ibi tí àpáàdì ti ń wọ abẹ́ àpáàdì o, ibi tí wọ́n ti ń gbo ara ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ó dùn mí fún wọn.) Ilẹ̀ mì níbẹ̀ ní 1857, 1881, 1901, 1922, 1934, 1966. Pín in, nǹkan bíi ọdún 22 sí ara wọn. Wọ́n ní èyí tó kàn á dé ní nǹkan bíi 1988, tó bá pẹ́ títí kò ní kọjá ìbẹ̀rẹ̀ 1993, wọ́n kó ẹ̀rọ lọ síbẹ̀, wọ́n tò wọ́n, wọ́n jókòó. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2004 ló tó wá. Ó wá ṣá o. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó, bí àlejò tó ní òun ń bọ̀ jẹun ọ̀sán tó wá dé lẹ́yìn ìṣáà.

Ti Japan ló yé Mọ́ọ̀mi jù torí pé àwọn yẹn ní àkọsílẹ̀ tó gùn. Ibì kan wà lápá gúúsù níbẹ̀, Nankai, wọ́n mọ ìtàn ẹ̀ láti 684, ìyẹn ti lé ní 1,300 ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn ẹ̀, 887. Lẹ́yìn ẹ̀, 1096 àti 1099. Ó tún mì ní 1361, 1498, 1605, 1707, 1854, 1944, 1946. Mo ń kà á, Mọ́ọ̀mi ń fi ìka ṣírò (orí ìyá mi pé ju ti alájọ Ṣómólú lọ, àwọn náà ò sì kọ́ iṣẹ́ àjọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni), kí n tó sọ nǹkan kan wọ́n ti ní, "Kò dọ́gba." Lóòótọ́ kò dọ́gba. Igba ọdún lé mẹ́ta níbẹ̀rẹ̀, 102 láàárín 1605 sí 1707, 147 lẹ́yìn ẹ̀, 90 lẹ́yìn ìyẹn. Bó ṣe ń wá gan-an ò tún jọra. Ti 1707, gbogbo gígùn ibẹ̀ ló já pa pọ̀, ọjọ́ 49 lẹ́yìn ẹ̀ ni òkè Fuji bẹ̀rẹ̀ sí í bu iná. Ti 1854, apá kan já, apá kejì dúró di ọjọ́ kejì, ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n wákàtí, kó tó tẹ̀ lé e. Ti 1944, apá kejì dúró di 1946. Ilẹ̀ kan náà, àpáàdì kan náà, ó lè wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì lè pín in sí méjì, ẹnikẹ́ni ò lè dá ọ̀kan yàn fún un. Ní January 2025 ìjọba Japan ní ó tó nǹkan bíi 80 nínú 100 pé èyí tó kàn á wá láàárín ọgbọ̀n ọdún. Wọn ò dárúkọ ọjọ́.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí Mọ́ọ̀mi fi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń gba àjọ, bàbá kan wà tó ń hun òfì, náírà àádọ́ta ni bàbá yẹn ń dá lójoojúmọ́, kì í yẹ̀. Ìparí oṣù tó bá dé, tí wọ́n bá gbé owó lọ fún un lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ti ọjọ́ kan tó jẹ́ tiwọn, á ní, "Ìyá alájọ, ẹ fún mi ní ìdajì, ẹ jẹ́ kí ìyókù máa gbé lọ́wọ́ yín." Oṣù míì á gba gbogbo ẹ̀, oṣù míì kò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn èèyàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á rí i pé ó gbowó lóṣù yẹn, wọ́n á rò pé òun àti alájọ ti ṣí káàdì tuntun. Ọdún mẹ́ta lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló wọlé, ó ní yìgì ọmọ òun kù ọ̀sẹ̀ kan, òun fẹ́ gbogbo ohun tó wà nílẹ̀. Mọ́ọ̀mi ní àwọn yá owó lọ́wọ́ ìyá oníwàrà àti lọ́wọ́ ẹni méjì míì káwọn tó rí i kó jọ fún un. "Wọ́n tún wá ń sọ lẹ́yìn mi pé báwo ni ẹni tó dá oṣù kan ṣe kó owó tó tóyẹn. Kì í ṣe owó oṣù yẹn ló kó, Àkànní. Ohun tó ti ń fi sílẹ̀ ló kó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò parọ́, mo gbé kókó sílẹ̀. Torí ohun tí mo kà mọ́jú nípa Chile nìyẹn, wọn ò sì tíì gbọ́ ọ rí láyé wọn.

Ìmìtìtì ilẹ̀ tó tóbi jù tí èèyàn tíì fi ẹ̀rọ wọ̀n, Chile ló ti wáyé, lápá Valdivia, ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1960. Ìwọ̀n 9.5. Gígùn ibi tó já tó nǹkan bíi 1,000 kìlómítà. Sùnámì ẹ̀ la Pàsífíìkì já, ó pa èèyàn 61 ní Hilo ní Hawaii, ó tún kọjá, ó lọ pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní Japan lọ́jọ́ kejì, àwọn tí ilẹ̀ tiwọn ò tiẹ̀ mì. Àwọn ará ibẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ mì ní agbègbè yẹn ní 1575, 1737 àti 1837. Tó o bá pín in, nǹkan bíi 128 ọdún sí ara wọn. Ó dára. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wo bí àpáàdì ṣe yọ̀ tó ní 1960, ìyọ̀ yẹn tó ìrìn ọdún 250 sí 350. Láti 1837 sí 1960, ọdún 123 péré ni! Níbo ló ti rí ìyókù?

Ẹni tó dá a lóhùn ni Marco Cisternas àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ní 2005. Ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́. Wọ́n lọ sí ibi tí odò Maullín ti ń wọ òkun, torí nígbà tí eléyìí tó tóbi bá ṣẹlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rì, sùnámì á sì wá tẹ́ iyanrìn lé e lórí bí ẹni tẹ́ ẹní, ẹní yẹn á wà níbẹ̀ títí láé. Wọ́n bá ẹní 1960. Wọ́n bá ẹní 1575. Ti 1737 àti 1837, kò sí ohun tó jọ ọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn igi kan wà tó ti ń dàgbà níbẹ̀ ṣáájú 1837, tí ti ìgbà yẹn ò pa wọ́n, 1960 ló wá pa wọ́n. Ìyẹn ni pé àwọn méjì tó wà láàárín wá lóòótọ́, wọ́n mi ilẹ̀, ìwé gbé wọn, àmọ́ wọn ò kó owó tán. Ìdajì ni wọ́n gbà. 1960 ló kó èyí tó ti wà nílẹ̀ látọdún gbọ́nhan.

Mọ́ọ̀mi ní, "Bàbá olófì nìyẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún wọn pé a ò lè kàn ro 73 mọ́ 2025. Iye ọdún nìkan ò tó láti fi ṣírò, ó yẹ kéèyàn mọ iye tó wà nínú káàdì, ibi tó kó, ibi tí kò kó, ohun tí èyí tó ṣáájú fi sílẹ̀, a kì í sì í rí ojú káàdì yẹn dáadáa torí abẹ́ òkun ló wà. Lónìí wọ́n ti ní GPS, wọ́n máa ń rí i bí etí òkun ṣe ń sún díẹ̀díẹ̀. Òun náà ni wọ́n fi rí i pé àwọn ibì kan wà tó máa ń yọ owó kéékèèké lábẹ́lẹ̀. Ní Vancouver Island ní Kánádà, bí oṣù 14 bá ti pé, abẹ́ ilẹ̀ á yọ̀ padà díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣíbí inú tíì ò ní gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ibi tó há gan-an, èyí tó wà lókè lápá òkun, ìyẹn ò yọ nǹkan kan. Ó ṣì ń dá a lọ.

Ìtàn ibẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń pè ní Cascadia, láti àríwá Kalifóníà dé Kánádà, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi rò pé ilẹ̀ jẹ́jẹ́ ni, torí látìgbà tí òyìnbó ti débẹ̀ kò ṣe nǹkan kan tó tóbi. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ìtàn tiwọn o, pé ẹyẹ ààrá kan bá ẹja àbùùbùtán jà, ilẹ̀ mì, omi bo ìlú, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí ìtàn àwọn onílẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1980 síwájú ni onímọ̀ jìọ́lọ́jì kan, Brian Atwater, ń fi ọkọ̀ ojú omi kékeré rìn kiri etí odò ní ìpínlẹ̀ Washington, ó ń wo ògiri ẹrẹ̀, ó rí koríko tó ti sin sábẹ́ iyanrìn, bó ṣe máa rí tí ilẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì tí òkun sì bò ó. Igbó kan sì wà létí odò Copalis, igi kédárì ńláńlá, gbogbo wọn kú sórí ìdúró, omi iyọ̀ ló pa wọ́n. Wọ́n ka òrùka inú igi yẹn, títí dé gbòǹgbò, wọ́n ní àárín oṣù kẹjọ 1699 sí oṣù karùn-ún 1700 ni igi wọ̀nyẹn kú.

Ní Japan ńkọ́? Àwọn akọ̀wé ìlú létí òkun ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1700 pé omi kan wá lóru, ó wọ ilé, ó ba ìrẹsì jẹ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò mì níbẹ̀ rárá. Sùnámì tí ò ní ìyá. Ọ̀rúndún mẹ́ta ni omi yẹn fi wà nínú ìwé láìsí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Kenji Satake àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló padà ṣírò ẹ̀ sẹ́yìn ní 1996, iye wákàtí tí omi máa lò lójú òkun, ó lọ já sí Cascadia, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1700, ìwọ̀n bíi 9. Igi tó kú ní ìhín, ìwé ní ọ̀hún, òkun odindi láàárín wọn, wọ́n pàdé lórí alẹ́ ọjọ́ kan. Nílé tiwa, ìgbà yẹn, Áfọ̀njá ò tíì dáyé, kò sí Álímì, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Ẹ́míà. Tí wọ́n bá ní kí n fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlọrin lálẹ́ kan báyìí ní 1700, ojú á tì mí.

Wọ́n tún lọ bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun wò, torí tí ilẹ̀ bá mì kíkankíkan ẹrẹ̀ máa ń ya lulẹ̀ lábẹ́ omi, wọ́n ka nǹkan bíi 19 tó já látòkè délẹ̀ láàárín 10,000 ọdún. Pín in, 500 lé díẹ̀. Àmọ́ àwọn kan sún mọ́ra, àwọn kan jìnnà síra pátápátá, gúúsù ibẹ̀ sì tún ní àwọn kékeré tiẹ̀ láàárín wọn. Kò dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí Mọ́ọ̀mi ṣe wí.

Ohun tó dà mí láàmú ni pé àwọn èèyàn tó ń gbé lórí ẹ̀ ò lè pẹ́ tó o láyé. Ìmìtìtì Japan ti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2011, tí ó kó èèyàn tó ju 18,000 lọ, irú ẹ̀ ti bo etí òkun Sendai rí ní 869, iyanrìn ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ oko ìrẹsì, àwọn onímọ̀ ti rí i ṣáájú 2011 pàápàá. Bẹ́ẹ̀ 869 sí 2011, ta ló fẹ́ rántí? Ní abúlé Aneyoshi ní Japan náà, wọ́n gbé òkúta kan kalẹ̀ lẹ́yìn sùnámì 1933, wọ́n kọ ọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé kọjá ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Wọ́n gbọ́ràn, omi 2011 ò dé ilé wọn. Ní erékùṣù Simeulue ní Indonéṣíà, wọn ò tiẹ̀ lo òkúta, ẹnu ni. Sùnámì kan pa wọ́n ní 1907, wọ́n fún un ní orúkọ, smong, wọ́n ń sọ fún ọmọdé pé tí ilẹ̀ bá mì gan-an tí òkun sì fà sẹ́yìn, má ṣa ẹja, gun òkè. Ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 2004, ọdún 97 lẹ́yìn ẹ̀, èyí tó pa èèyàn tó lé ní 220,000 yíká òkun Íńdíà, tó dé Somalia níbí ní Áfíríkà tó pa nǹkan bí 300 níbẹ̀, èèyàn méje péré ló kú nínú nǹkan bíi 78,000 tó wà ní Simeulue. Ìyá àgbà ló sọ fún ìyá, ìyá ló sọ fún ọmọ.

Mọ́ọ̀mi gbọ́ ti Simeulue, wọ́n ní "Alhamdulillah", wọ́n ní àwọn ìyá yẹn ti ṣe dáadáa. Àmọ́ Cascadia ni ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. "Látọdún 1700. Ẹ̀ẹ̀kan ò kó?" Mo ní kékeré ẹ̀yìn yẹn nìkan ló ń yọ̀, mo sọ fún yín. "Wọ́n wá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?" Mo ní wọ́n mọ̀.

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, mo gbọ́ tí wọ́n ń fa àpótí. Ìwé kan ni wọ́n gbé jáde, ìwé onílà elépo aláwọ̀ ewé, rọ́bà ni wọ́n fi so ó, ìwé tí wọ́n ti fi ń gba àjọ kí wọ́n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ fún mi wò. Orúkọ bíi mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, iye owó wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kò sí ìlà pupa lórí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, 2009 ló ti dá kẹ́yìn. Mo ní Mọ́ọ̀mi, eléyìí náà lẹ ṣì ń dúró dè? Ó lè ti kú o.

Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìwé àwọn, wọ́n tún rọ́bà ẹ̀ so.